Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Wá Nípa Ọmọ Ogun Àjùmọ̀ní

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án.

Télọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé o ti lè fi tẹ máṣíìnì báyìí? Ara tiwa le, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó gba ìgboro kan níbí ni ti àwọn orílẹ̀-èdè wa tó múlé ti ara wọn wọ̀nyí, tí wọ́n fẹ́ da ọmọ ogun wọn pọ̀, kí wọ́n sì máa fi ohùn kan bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀. Lánàá, obìnrin kan tó ń wádìí èrò ará ìlú wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó bi wá bóyá a fara mọ́ ọn. Ha! Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Oníbàárà tí mo ti fá apá kan orí rẹ̀ fò dìde tòun ti ọṣẹ létí, ó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru, kí wọ́n yáa da ogun pọ̀ kíá. Bàbá Olùkọ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ní òun náà fara mọ́ ọn, kìkì pé kí ọ̀gágun ti ọ̀dọ̀ tiwa wá. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ni obìnrin náà bá béèrè pé ta ni nínú wa tó máa gbà kí ọmọ tirẹ̀ lọ ṣọ́ ibodè ẹlòmíràn. Oníbàárà ọlọ́ṣẹ létí yẹn rọra padà jókòó. Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi, torí wọ́n mọ̀ pé ṣọ́jà ni àkọ́bí mi obìnrin. Wọn ò mọ̀ pé ó ti pè wá láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bí wọ́n bá fẹnu kò, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó lọ. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu mi.

Mo rántí ọdún tí ìbọn ń dún lọ́dọ̀ yín lódìkejì ibodè, tí àwọn ọmọ rẹ wá ń sùn lórí bẹ́ǹṣì mi, tí ẹnikẹ́ni ò gbèjà yín. Mo ní mo gbà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan lòun lè kọ, òun ò ní ibi tí òun máa kọ ẹ̀rù sí. Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì bá a wí.

Ìwọ ni mo wá ń sọ ìyókù fún. Ibodè yín ni wọ́n ní wọ́n máa kó wọn lọ. Ọmọ náà ti rù, aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ. Jọ̀ọ́, bá mi dín in fún un. Má sọ fún un pé mò ń bẹ̀rù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá rí ṣọ́jà kan tó gbé imú mi wá, ọmọ wọn ni o, kí wọ́n pè é wọlé.

Èmi ni tìrẹ tó ń retí èsì,
Onígbàjámọ̀ rẹ.