Ojú Ewé Keje Tí O Béèrè

Àbúrò mi, ọdún márùn-ún rèé tí o lọ. Ó yẹ kí n fi ẹkún bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí inú ló ń bí mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán ná.

Ọmọ rẹ obìnrin ti jáde ilé ẹ̀kọ́, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Àkọ́bí rẹ ló ń gé awọ nídìí tábìlì rẹ ní ilé iṣẹ́ bàtà, kò sì tíì gé ìka ara rẹ̀, èyí tí ìwọ kò lè fọ́nnu pé o ṣe. Ìyàwó rẹ ti parí yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀dà tí o ní o kò fẹ́ rí sójú ló fi kùn ún, ó sì dára.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rán bàtà níbẹ̀. Ìwọ ń gé, èmi ń rán. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ nínú owó wa pa mọ́ de ọjọ́ ogbó, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi ìpín tirẹ̀ kún un. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni oníṣirò kan tí wọ́n háyà ń wo ọjọ́ orí wa, àti iye ọdún tí ẹni tó fẹ̀yìn tì sábà ń lò láyé, á wá kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ bóyá ohun tó wà nínú àpò yóò tó wa jẹ. Ìwọ ni àwa òṣìṣẹ́ yàn sínú ìgbìmọ̀ tí ń gba ìwé náà.

Àwọn yòókù á ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n á fọwọ́ sí ti ìkẹyìn. Ìwọ a gbé rúlà irin tí o fi ń gé awọ sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, o ń kà á jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe rí i pé ojú ewé kẹfà fò sí ìkẹjọ. O gbójú sókè, o ní, "Ojú ewé keje dà?"

Ọ̀gá àgbà ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣèèṣì fo nọ́ńbà. O ní bẹ́ẹ̀ kọ́, gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ ìkẹfà kò parí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Agé-awọ fẹ́ kọ́ oníṣirò ní ìṣirò! Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń pè ọ́ ní Ojú-Ewé-Keje, láti ẹnu géètì títí dé ibi ìjẹun. Lẹ́tà ìkìlọ̀ tẹ̀lé e, pé o pe ọ̀gá ní òpùrọ́, bí o kò bá sì bẹ̀bẹ̀, o máa lọlé.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Èmi ni mo ní kí o fi ìṣirò sílẹ̀ fún oníṣirò, pé ọmọ ń bẹ nílé tí yóò jẹun. Èmi ni mo sìn ọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ bí o ti ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò ṣẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, o kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé títí o fi lọ, ò ń rò pé bóyá ìwọ lo ṣì í kà.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n pè wá, àwa tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé àpò ti gbẹ, wọn yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì wa. Wọ́n ní oníṣirò ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. A ní kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó wá, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó kó gbogbo ìwé tó ti kọ sẹ́yìn sínú báàgì. Mo dìde. Mo ní kó mú ti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn jáde.

"Ojú ewé keje dà?"

Ó wà níbẹ̀! Ó kà á sókè, pé kí ilé iṣẹ́ má ṣe dá ìpín tirẹ̀ dúró rárá, torí àwọn tó fẹ̀yìn tì ń pẹ́ láyé ju bí a ti rò lọ. Ìlà mẹ́sàn-án péré. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì dá a dúró! Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun rò pé wọ́n ti kà á fún wa. Inú bí mi sí òun náà. Kí ni ìmọ̀ràn ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, nígbà tí àwa tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Wọn kò sọ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ rí i yóò ṣì wà láyé lọ́jọ́ náà.

Wọn kò yọ owó wa mọ́. Ọ̀gá ti kẹ́rù rẹ̀, ilé iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i pé ìpín tí àwọn kò san yóò padà sínú àpò. Èmi ni wọ́n yàn sórí àga rẹ, rúlà rẹ ni mo sì ń gbé lọ. Mo máa ń ka ìwé oníṣirò pẹ́, àwọn yòókù á máa wo aago. Kí wọ́n máa wò ó.

Àbúrò mi, ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ yẹn, tèmi ni. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Kò sí ìlà kan tí o fò, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí o ṣì kà. Àárò rẹ ń sọ ìyàwó rẹ, ó ń sọ àwọn ọmọ rẹ, ó ń sọ èmi jù. A fẹ́ràn rẹ, Ojú-Ewé-Keje wa. O kà á dáadáa.