Àgbà Ni Wọ́n Béèrè, Àgbá Ni Bàbá Gbọ́

                                        Ilé Kọ̀máńdà Ògúnlàdé,
                                        Atakpamé.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1984.

Colette, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Notsé? Màmá Dorothée ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọjà ńkọ́? Àwa náà wà. N kò ṣàìsàn, ara mi kàn dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì kú.

O ní kí n sọ bí ìpàdé ẹbí ṣe lọ. Wọn ò fi bàbá mi jẹ olórí ẹbí. Ó tán.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sóòjà, ipò yìí nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí Tógò gba òmìnira, wọ́n fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé sílẹ̀ wá sí tiwa. Wọ́n tún rán wọn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yin àgbá, ìbọn ńlá onítáyà yẹn, kí wọ́n tó wá di kọ̀máńdà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun. Bàbá ní bí àgbá bá fẹ́ dún, kí èèyàn lanu, kí etí má baà fọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ ló ń lanu. Àwọn fúnra wọn kì í lanu. Wọ́n ní ọ̀gá kì í lanu sílẹ̀ níwájú ọmọ iṣẹ́ bí ẹja tí wọ́n gbé jáde nínú odò. Etí òsì kú, ọ̀tún ń tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní kọlẹ́ẹ̀jì, èmi ni mò ń tún ọ̀rọ̀ sọ sí etí ọ̀tún yẹn.

Olórí ẹbí ló sì ń gbọ́ ẹjọ́. Nítorí náà, Bàbá ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ.

Ilé Bàbá Bàbárímisá, tó dàgbà jù nínú ẹbí, ni ìpàdé wà. Bàbá mi àti Ṣàngówáwa, àgbẹ̀ tó wá láti Moretan, ni wọ́n fẹ́ yàn nínú wọn. Obìnrin kì í jókòó níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú omi mímu. Orí ni Bàbá ń mì sí gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń lọ dáadáa. Ìgbà náà ni Bàbá Bàbárímisá ní, "Kọ̀máńdà, ẹ̀yin méjèèjì rèé. Àgbà ńkọ́?" Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Bàbá mi nà ró. "Mẹ́fà la ní. Mẹ́rin ń ṣiṣẹ́. Méjì yòókù, táyà wọn ti jẹrà."

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ṣàngówáwa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èmi mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́." Bàbá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá Bàbárímisá kò rẹ́rìn-ín. "Àgbà la béèrè, àgbá ló gbọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá ńkọ́?" Wọ́n gbé obì fún Ṣàngówáwa. Bàbá mi bọ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Èyí kò sọnù, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ àfi ẹni tó ni ín.

Nígbà tí a délé, Bàbá béèrè pé, "Àpọ̀kẹ́, kí ni wọ́n fẹnu kò sí?" Àwọn ìyá ń gúnyán ní ilé kejì. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí etí ọ̀tún. "Kí lo wí?" Mo tún un sọ. "Hẹ̀n?" Mo bá kígbe pé Ṣàngówáwa ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ àwọn ìyá.

Bàbá wo ilẹ̀. "Má pariwo mọ́. Mo ti rí i lójú wọn."

N kò sọkún, Colette. Mo lọ pọn omi ìwẹ̀ wọn.

Bá mi kí Màmá Dorothée, kí o sì kí Gérard tí a jọ wà ní kọlẹ́ẹ̀jì, bí ó bá ṣì ń rántí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àpọ̀kẹ́