Lẹ́tà Tí Mo Kan Férémù Fún

Tíṣà mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Àwa ńlé wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí ojú wa ò tó.

Ọmọ mi, mo ṣe nǹkan kan. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, torí àdírẹ́sì ilé wa lo fún wọn. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, o sì mọ̀ pé Yorùbá nìkan ni mo lè kà, ṣùgbọ́n mo rí òǹtẹ̀ pupa tó wà lára ìwé-ẹ̀rí rẹ nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, òun gan-an ni, mo ní háà, wọ́n ti gbé ọmọ mi ga sí i! Mo mú pákó tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù, mo kan férémù, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko làwọn èèyàn fi ń wá kí wa kú oríire, ìyá rẹ sì ń nù ún láràárọ̀.

Àfi ìgbà tí akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì gbé àga wá fún àtúnṣe, tó kà á. Ó ní kí n jókòó. Ó ní wọ́n ti gbé ọ lọ sílé ẹjọ́, pé o na ọmọ ilé-ìwé kan, ojú ọ̀tún ọmọ náà sì fọ́. Ó ní wọn ò tíì sọ pé o jẹ̀bi o, àjọ náà kàn dá orúkọ rẹ dúró ni, o ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì kankan títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Yéè!

Mi ò bínú sí wọn. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń mì, èmi náà kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó lé e títí n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni mo kàn án. Àmọ́ ó dùn mí, mo wá dọ́gbọ́n. Mo fi ìwé òmìnira tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ tán ránṣẹ́ sí wọn, mo ní kí wọ́n di tèmi mú, kí wọ́n dá tìẹ padà. Wọn ò tíì fèsì. Ṣùgbọ́n òfin lòfin, ìwé mi ti wà lọ́wọ́ wọn, mi ò fọwọ́ kan ayùn látìgbà náà. Àga akọ̀wé ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó wá pariwo pé ta ló dá mi dúró, mo ní ọ̀rọ̀ náà ò yé e, òun tó ṣiṣẹ́ ní kóòtù!

Àárò rẹ ń sọ mí. Mo jókòó lásán ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo ibi tí o máa ń to àgékù pákó sí nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí o ní ọmọ kíláàsì rẹ ni wọ́n, tí wàá gba rúlà mi láti fi kọ́ wọn. Mi ò rántí pé o nà wọ́n rí. Àbí mi ò wò dáadáa ni? Láràárọ̀, ojú ọmọ yẹn ni ìyá rẹ kọ́kọ́ ń gbàdúrà fún, kó tó kàn ọ́.

Gbogbo lẹ́tà ni mo fi ń tọrọ owó ìṣó àti gúlúù. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wálé. Akọ̀wé ní o lè tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí o wá rí wa. Èmi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìwọ náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí o ò bá ṣe é, wá sọ ọ́ lójú mi. Bí o bá ṣe é, wá sọ ọ́ lójú mi. Mi ò ní pariwo.

Kí Ọlọ́run mú ọ wálé, kó sì ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà tó dá ara rẹ̀ dúró dè ọ́.