Ẹ̀wù Ọmọ Onídán Tí O Rán

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ tí o fi ń jẹun. Èmi àti màmá rẹ wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún mi tó máa ń bá mi jà bí òjò bá ti ṣú.

Fíìmù tí o rán aṣọ fún ti dé ọ̀dọ̀ wa o. Tíṣà gbé ẹ̀rọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ń wá aṣọ funfun tí òun máa ta mọ́ ògiri, mo sì yá a ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa. Gbogbo àdúgbò ló wá, wọ́n jókòó títí dé ẹnu ọ̀nà. Bí ọmọ onídán àti bàbá àgbà rẹ̀ ṣe yọ báyìí, ejò abìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tu iná lé wọn lórí. Nígbà tó parí, mo yẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà wò tinú tẹ̀yìn, kò jó níbì kankan, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n màmá rẹ ní òun ò ní sùn lórí aṣọ tí ejò ti gbà kọjá. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà ń fò lókè ni mo rí i pé abíyá ẹ̀wù rẹ̀ ti ń tú. Mo dìde, mo ní kó rọra sọ apá kalẹ̀ kó má baà fà á ya. Kò dá mi lóhùn. Onígbàjámọ̀ ní kí n jókòó, pé mo dí òun lójú. Jọ̀ọ́, bá a rán abíyá náà kó tó tún fò.

Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ ẹ̀wù náà sókè, mo rí ìṣẹ́tí rẹ̀. O ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, o fi àlékún pamọ́ sínú rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ pé ká máa ṣe sí aṣọ ọmọdé, torí ọmọ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Tíṣà ní fíìmù lásán ni, pé ọmọ náà ò ní wọ̀ ọ́ pẹ́. Èmi ti mọ ọwọ́ ẹni tó rán an, omi sì bọ́ lójú mi. Ọjọ́ tí o kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí, mo sọ pé o lọ da iṣẹ́ mi nù. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀, iṣẹ́ mi ti tẹ̀ lé ọ lọ.

Bá mi kí ọmọ onídán kú ará fẹ́ra kù. Bàbá àgbà rẹ̀ gbé ẹ̀wù wọ̀ ọ́, bàbá náà wá di ìmọ́lẹ̀, ó lọ, kò tilẹ̀ dágbére fún aládùúgbò kankan, ọmọ náà sì ń sunkún. Tíṣà ní bàbá náà ṣì wà láàyè, pé ó tún ń ṣe fíìmù mìíràn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè sọ fún ọmọ náà kó yéé sunkún.

Fi owó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ sí màmá rẹ, kí o fi ti awò ojú mi kún un, torí òwú kì í tètè wọ ojú abẹ́rẹ́ fún mi mọ́. Àlùmọ́gàjí bàbá mi, èyí tí mi ò jẹ́ kí o fọwọ́ kàn rí, mo ti pọ́n ọn, mo sì ti fi aṣọ wé e. Mo fẹ́ fi rán awakọ̀ sí ọ, àmọ́ nígbà tí mo rántí bàbá onídán yẹn, mo gbé e padà sílé. Ẹni tó ń lọ ló ń fi nǹkan sílẹ̀, èmi ò sì tíì ń lọ síbì kankan.

Òwú rẹ ò ní já, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ẹni tó bá wọ aṣọ rẹ á lò ó gbó. Wá gba àlùmọ́gàjí yìí lọ́wọ́ mi fúnra rẹ, nígbà tí ọwọ́ náà ṣì ṣeé dì mú.

Èmi bàbá rẹ, aránṣọ.