Àyè Kan, Àwa Méjì Láti Ilé Kan

Savè, Ọjọ́rú, oṣù kọkànlá, 1982

Lọ́la ni. Àwa mẹ́fà ni wọ́n máa kó jókòó yí tábìlì kan ká ní iléeṣẹ́ ìrèké láti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò pa pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa gbà síṣẹ́. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà nínú mẹ́fà náà.

Ní Dáká tí mo ti kàwé, ẹni tó bá tètè sọ̀rọ̀ ló ń borí. Nígbà tí a ń dánra wò lónìí, tí Ìyá Délé ń bi wá ní ìbéèrè bí ọ̀gá, mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n. Ìyá fi iṣu tí wọ́n ń bẹ sílẹ̀.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì panu dé, o ti gba orí rẹ̀ kọjá?"

Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dúró dè é lọ́la, ta ló máa gbọ́ ohùn mi? Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Òun náà fẹ́ ẹ, ìyàwó rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ...

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n bá mi lẹ́yìnkùlé.

"Lọ́la, kámáràdì ni kí o máa pè mí, bí gbogbo wọn ṣe ń pera wọn níbi iṣẹ́ ìjọba. Kámáràdì ò ní àgbà. Já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, èmi náà á já tìrẹ gbà. Ó yá, pè mí kí n gbọ́."

"Kámáràdì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tún un pè. Ṣùgbọ́n dìde ná."

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́la níwájú àwọn ọ̀gá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.