Bàbá Rẹ So Ọkọ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ilé Sarah

Ìwọ̀pin,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Haneefah ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà láàyè, inú ló kàn ń bí mi.

Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀yin ọmọ dáwó fún bàbá yín pé kó fi sinmi iṣẹ́ pákó ti dé. Ẹ̀pẹ́ la ti rà á. Àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn wá funfun báláú, mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀, àfi bí bàbá rẹ ṣe ṣí pákó ilẹ̀ rẹ̀, omi ti dágún sábẹ́. Ìkejì ń húkọ́, ó ń rú èéfín. Ìkẹta la mú, tòkunbọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ, ó ní yàrá àti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Ọlọ́jà ní òun ò tíì rí owó tí a fi fóònù rán, pé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Mo ní kó fara balẹ̀, bóyá ọkùnrin tó ń jẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lọ kírun ni. Nígbà tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, mo ní kí wọ́n bá mi kí i. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ibi tí a ó so ọkọ̀ mọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Etí omi tiwa ò jìn, ìdí ọkọ̀ ń ha ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, lèmọ́ọ̀mù ní ariwo ẹ́ńjìnnì á da ìrun rú. Ni bàbá rẹ bá ní kò síbi tó dà bí ẹ̀yìn ilé Sarah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ kú, pé omi ibẹ̀ jìn, òpó ibẹ̀ sì lágbára. Haneefah, Sarah yìí ni bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ kó tó rí mi! Obìnrin náà sì gbà kíá, kò tiẹ̀ rò ó.

Látìgbà náà, bó bá ti kírun àsárì tán, ó ti lọ, ó ní òun fẹ́ wo okùn. Okùn wo ló ń fẹ́ wíwò lójoojúmọ́? Ó tún ń fi lọ́fínńdà, òun tí kì í fi lọ sí yídì!

Lánàá mo tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ohùn obìnrin nínú ọkọ̀, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fò wọlé, bàtà mi kan bá omi lọ, ìró mi sì rẹ. Òun nìkan ni mo bá, òun àti fóònù. Ó ní máàpù ni, pé obìnrin inú rẹ̀ ló ń fi ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ han òun. Ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó! Ọ̀nà tó ti ń tọ̀ láti kékeré!

Ariwo mi mú Sarah jáde. Ó fún mi ní ìró gbígbẹ, ó ní ilé òun ti dákẹ́ jù látìgbà tí ọkọ òun ti lọ, pé òun rò pé èmi náà á máa bá bàbá rẹ wá ni òun fi gbà, òun sì ti ń retí mi. Ojú tì mí. A jọ jẹ ẹja, a jọ bú obìnrin inú fóònù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin inú fóònù yẹn ní kó yà sọ́tùn-ún, bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi tí mo bímọ fún un, ìgbà wo ló dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí?

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bàtà, kí bàbá rẹ sì ra okùn tó nípọn. Bó o bá sì rí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ inú fóònù ní Èkó, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọkùnrin rọ́pò obìnrin náà, arúgbó ni kí wọ́n mú.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ. Obìnrin tó lára àti èyí tí ò lára, ìkankan nínú wọn ò ní gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Raheemah.