Oògùn Inú Àgolo Bọ́tìnnì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ò dáa nípa yín. Tó o bá ń béèrè tiwa, ìyá rẹ wà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, èmi náà sì wà, àmọ́ ojú ń tì mí, torí náà dá nìkan ka lẹ́tà yìí, má kà á sí ọkọ rẹ létí.

Ìwọ lo ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, mo sì lọ. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ kan wé mi lápá, mo rò pé ó fẹ́ wọn apá mi ni, mo bá sọ fún un pé ínṣì mẹ́tàlá ni, kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, ta ló tún mọ̀ ọ́n ju télọ̀ lọ. Ó kàn ń fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ náà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, dókítà sì ní kí n máa lo oògùn kan láràárọ̀.

Ọmọ mi, oògùn yẹn gbógun ti inú mi. Inú á máa kùn, á máa lọ́ mi, ìgbẹ́ gbuuru á sì gbé mi dìde lójijì. Lọ́jọ́ tó o ní ohùn mi jìn lórí fóònù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà, mo fi fìlà bo fóònù náà kó o má baà rí mi. Èyí tó dójú tì mí jù ni ọjọ́ tí mo ń wọn ọ̀gá ilé ìwé fún ṣòkòtò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n tó dìde, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ń wo àjà bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo fọ ṣòkòtò mi lẹ́yìnkùlé, ìyá rẹ dúró ó ń wò mí, torí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò fọ ìbọ̀sẹ̀ rí.

Bí mo ṣe dá oògùn dúró nìyẹn. Mo ń kó o sínú àgolo bọ́tìnnì, tó o bá pè, màá ní mo ti lò ó. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n fún mi ní ìwé kan tó ń béèrè bóyá inú ń run mí, bóyá mo ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo fàmì sí "rárá" níbi gbogbo, mo rò pé ìdánwò ni, mi ò sì fẹ́ fìdí rẹmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òòyì kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ gún mi níka. Ìyá rẹ ń wá ohun tó máa fi dì í, ló bá ṣí àgolo. Ó gbé àgolo náà dání, ó ní ká máa lọ. Nọ́ọ̀sì tún wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó béèrè ohun tó fà á. Mo bá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan tọ̀gá ilé ìwé.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, oògùn yẹn ló fà á, ó ń ṣe ẹlòmíì náà. Ká ní ẹ ti sọ ni, à bá ti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín mọ́."

Dókítà ti fún mi ní òmíràn, inú mi sì ti ń rọlẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè padà lọ rí i, kó o fi ti aṣọ ṣòkòtò kan kún un, torí ìyá rẹ ti sọ tọjọ́sí di aṣọ ìnulẹ̀.

Dárí jì mí. Tó o bá tún pè, má wulẹ̀ béèrè bóyá mo lo oògùn. Bi mí pé inú mi ńkọ́, màá sọ òótọ́ fún ọ. Ojú ò ní tì ọ́ láyé, àwọn ọmọ rẹ ò sì ní fi ohun tó ń ṣe wọ́n pamọ́ fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.